Ilé Àtijọ́ Di Gbọ̀ngàn Ìnáwó: Kí Ẹgbẹ́ Tó Kó Owó Sílẹ̀

Ọ̀ràn kan wà tó ti ń jẹyọ léraléra ní ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, a sì rò pé ó tó àkókò kí a là á yé ara wa. Àwọn kan nínú yín ń rò ó pé kí ẹgbẹ́ mú lára owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fi pamọ́, kí wọ́n fi gba ilé àtijọ́ kan, ìbáà jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti pa tì tàbí ilé gbígbé tí àwọn onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ di gbọ̀ngàn tí a ó máa háyà fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà àti ìpàdé. Àwọn mìíràn ní rárá o, pé owó àwọn ìyá ọlọ́jà àti ti àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù kì í ṣe owó tí a fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ìhà méjèèjì ló ní àwíjàre. A kò ní sọ fún ẹgbẹ́ kankan pé kí ó ṣe é tàbí kí ó má ṣe é, nítorí ọwọ́ ìpàdé gbogbogbòò yín ni àṣẹ wà. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a fi àwọn ilé tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí hàn yín, kí a sì ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti ń lọ gan-an, nítorí pé ojú lásán kọ́ ni a fi ń mọ ilé tó lè gba èrò.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó di ọgbà àríyá

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Erékùṣù Èkó, níbi tí àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lọ wà. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa mọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street dáadáa. Ọdún 1882 ni ìjọba àmúnisìn kọ́ ọ. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀, àwọn ará ìlú tí inú wọn kò dùn sí ìjọba a sì máa ju iná sí i. Nígbà tó di ọdún 1885, ìjọba kó bíríkì wá láti ìlú Òyìnbó, wọ́n ná £16,000 lé e lórí, wọ́n tún un kọ́ kó lè le. Owó ńlá gbáà ni £16,000 láyé ìgbà náà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi kọ́. Lára àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ ni Herbert Macaulay àti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn tí ilé ẹjọ́ bá dá ẹjọ́ ikú fún.

Ọdún 1972 ni wọ́n ti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà pa. Ní ọdún 1979, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé inú rẹ̀, ibẹ̀ sì di pápá àti ààtàn láàárín ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Àkítẹ́ẹ̀tì kan, Theo Lawson, ló ti ń gbé èrò kiri pé kí wọ́n má ṣe tà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ àti ibi eré. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2010, tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó ti gba òmìnira, wọ́n ṣí i, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Freedom Park. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Wọn kò gbìyànjú láti tún gbogbo ilé ẹ̀wọ̀n kọ́. Odi bíríkì tó yí ọgbà ká, wọ́n fi sílẹ̀. Ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà, wọ́n fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò lè rí bí àyè ibẹ̀ ti há tó. Ibi tí ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n wà di ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni wọ́n kọ́ pèpéle eré sí. Wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré pẹ̀lú. Èyí tó kù jẹ́ ilẹ̀ gbalasa, igi àti koríko, níbi tí a lè na àtíbàbà sí. Láti ìgbà náà, àwọn olórin, àwọn òṣèré, àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ti ń lò ó.

Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ní kò dára kí ènìyàn máa jó lórí ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò tiwa ni pé ohun tí ìbá burú ni kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ síta, tí ọmọdé tó wá jẹ súyà lè béèrè pé kí ni ibí yìí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì lè dá a lóhùn, iṣẹ́ rere ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kankan tó sọ pé òun náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rántí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìjọba ló ni ilẹ̀ náà, kò sí mọ̀lẹ́bí kan tó lè jí lọ́la kó ní bàbá òun kò fọwọ́ sí i. Èkejì, ìta gbangba ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ibẹ̀, nítorí náà wọn kò ná owó rẹpẹtẹ lórí òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni owó ń gbà wọlé. Owó oúnjẹ wà, owó ṣọ́ọ̀bù wà, owó pèpéle wà. Bí kò bá sí ìgbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹni tó ń ta oúnjẹ ṣì ń san owó ilé.

Ìlé rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Àpẹẹrẹ kejì kéré sí èyí, òun ló sì sún mọ́ irú agbára tiwa. Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898, nígbà tí wọ́n ṣì ń la ojú irin lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀gá rélùwéè ló ń gbé inú rẹ̀. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè kan tó kọ ìwé lórí ìtàn ojú irin Nàìjíríà, ni wọ́n fi ń pè é: Jaekel House. Nígbà tí rélùwéè ń rẹ̀yìn, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy, tí àwọn olólùfẹ́ ilé àtijọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, ló bá iléeṣẹ́ rélùwéè sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún ilé náà ṣe, tí wọ́n sì fi àwòrán àti irinṣẹ́ ojú irin ìgbà láéláé sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gba ọgbà rẹ̀ fún ìgbéyàwó, àwọn oníṣẹ́ fíìmù sì ń yàwòrán níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ Legacy kò ra ilé náà. Rélùwéè ṣì ni onílẹ̀. Àdéhùn ni wọ́n ṣe. Ẹ tún kíyè sí i pé abẹ́ igi nínú ọgbà ni àwọn oníyàwó máa ń wà, wọn kì í kó 200 ènìyàn gun òkè ilé tó ti lé ní 100 ọdún. Ilé náà ni ẹwà, ọgbà ni iṣẹ́. A fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn nítorí a ó padà dé orí rẹ̀.

Ní ọdún 2017, nínú ọgbà rélùwéè yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe láyé ọjọ́un, ni wọ́n ti ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà Lagos Biennial àkọ́kọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà kalẹ̀, àwọn ènìyàn sì wá. Ilé ìkẹ́rùsí tó ga tó sì fẹ̀, tí kò ní òpó púpọ̀ láàárín, ni ó rọrùn jù láti yí padà. Irú rẹ̀ kò wọ́n ní Àpápá.

Gbọ̀ngàn Glover yàtọ̀ sí èyí, nítorí gbọ̀ngàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1887 ni orúkọ yẹn ti wà ní Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, níbẹ̀ náà sì ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1944. Ẹni tó bá ní háyà gbọ̀ngàn jẹ́ iṣẹ́ tuntun ní Èkó, kò tíì bi àwọn bàbá rẹ̀ léèrè.

Èyí tí a sunkún rẹ̀

Ní Tinúbu, ilé àwọn Àgùdà kan wà tí à ń pè ní Ilọ́jọ Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní ọdún 1855, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni nígbà náà. Tí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ilé ìnáwó ni láti àárọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yá, ìdílé Ọláìyá rà á. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. A kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé òfin nìkan kò lè gbé ilé ró. Òfin ní kí wọ́n má wó o, ṣùgbọ́n òfin kì í ra páànù, kì í san owó káfíńtà. Ilé tí kò bá pa owó wọlé, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ni ín sì ti pọ̀ bí eṣú, ẹni tó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́fà síbẹ̀ kò ní pẹ́ dé. Ìdí nìyí tí a kò fi bá àwọn tó ń sọ pé eré ṣíṣe nínú ilé àtijọ́ jẹ́ àìbọ̀wọ̀ fún un ṣe. Àríyá lè jẹ́ ohun tí yóò gba ilé là.

Àwọn aládùúgbò wa ti mọ èyí. Ní Lomé, ààfin tí àwọn Jámánì kọ́ fún gómìnà wọn láàárín ọdún 1898 sí 1905 ti wà lófo fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 gẹ́gẹ́ bí ilé àṣà, pẹ̀lú ọgbà tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 11. Ní Ouidah, ilé alájà kan tí wọ́n ń pè ní Villa Ajavon, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1922, ti di ilé ìfihàn iṣẹ́ ọnà láti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ìjọba ló wà lẹ́yìn ti Lomé, àjọ Zinsou ló wà lẹ́yìn ti Ouidah. Nítòsí wa níhìn-ín, Gbọ̀ngàn Eré ní Ìgànmú, tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de FESTAC 1977, ni àwọn báǹkì gbà láti tún ṣe ní ọdún 2021. Owó báǹkì ni o, síbẹ̀ ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 kí wọ́n tó tún un ṣí, lábẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yẹn wo agbára ẹgbẹ́ tó ní 80 ọmọ ẹgbẹ́.

Àpápá yàtọ̀, Ajégúnlẹ̀ yàtọ̀

Wáàfù ló sọ Àpápá di Àpápá. Ní ọdún 1926 ni wọ́n parí àwọn èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní tààrà, rélùwéè sì ń kó ẹ̀pà àti kòkó wá pàdé ọkọ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Èkó, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí LEDB, kó iyanrìn bo àbàtà, wọ́n la àdúgbò, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́. Àwọn ilé wọ̀nyẹn ni a ń rí títí di òní ní ìhà Liverpool Road, Marine Road àti Park Lane: ilé ńlá nínú ọgbà ńlá, fèrèsé fífẹ̀, iwájú ilé tó ṣeé na àtíbàbà sí. Nígbà tí àwọn tírélà wá gba gbogbo ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹbí kó lọ. Ilé ṣófo, owó ilé rẹlẹ̀. Òun ló mú kí ojú àwọn ẹgbẹ́ wa wọ̀ ọ́.

Ajégúnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé oníyàrá àdojúkọ ló pọ̀ níbẹ̀, èrò sì kún un láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà. Kò sí ọgbà, kò sí àyè. Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni àwọn oníbàárà wà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í sọ ọmọ lórúkọ, tí a kì í sìnkú, tí a kì í ṣe ìdúpẹ́. Ní òpópónà ni wọ́n ti ń ṣe é, lábẹ́ kánópì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a sì máa yíra padà. Kánópì àti àga ni wọ́n ń háyà, wọn kì í san owó gbọ̀ngàn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe gbọ̀ngàn ní Boundary tàbí ní Kirikiri Road gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ojú títì ni òun ń bá du oníbàárà, ọ̀fẹ́ sì ni ojú títì.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní Àpápá, ilé wà ṣùgbọ́n ọ̀nà ló ń lé àlejò. Ní ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté gbé ètò jáde pé kí tírélà má ṣe wá sí wáàfù àfi tí wọ́n bá pè é. Kí ẹgbẹ́ má ṣe fi ètò orí ìwé ṣe ìpinnu. Kí ìgbìmọ̀ lọ dúró níwájú ilé náà ní alẹ́ Friday àti ní ọ̀sán Saturday, fún oṣù kan gbáko, kí wọ́n ka tírélà fúnra wọn. Saturday ni ọjọ́ owó. Bí ìyàwó kò bá lè dé ibi ìgbéyàwó rẹ̀, kò ní rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i yín.

Kí a tó kan ògiri

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó bi ilé àtijọ́ ni pé, kí ni wọ́n kọ́ ọ fún? Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ fún bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún. Gbọ̀ngàn ni a fẹ́ kó 150 ènìyàn sí, tí gbogbo wọn yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí onílù bá lu ìlù, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ pọ̀. Ẹrù tí kò mira yàtọ̀ sí ẹrù tó ń fò. Ilẹ̀ òkè onípákó tó ti gbé ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù fún 60 ọdún láìsí wàhálà lè já ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì ní Erékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òkè rẹ̀ ṣe ilé ìwé. Ó kú tó 20 ènìyàn, ọmọ ilé ìwé sì wà nínú wọn. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ àti àkítẹ́ẹ̀tì bá ní kí ẹ má lo òkè ilé, ẹ má lò ó. Ìsàlẹ̀ àti ọgbà ti tó. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí bíríkìlà nìkan ṣe àyẹ̀wò ilé fún yín. Ẹ gba ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Owó tí ẹ óò san fún un ni owó tó kéré jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Àpápá jẹ́ ilẹ̀ tí a kó iyanrìn lé lórí, omi kò jìnnà sísàlẹ̀, atẹ́gùn òkun sì ní iyọ̀. Ẹ ó rí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Omi ló ń gòkè nínú ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sìmẹ́ńtì tó le rẹ́ ẹ, kó lè dán. Lára bíríkì àtijọ́ tí wọ́n fi láìmù tò, àṣìṣe ńlá ni. Láìmù máa ń jẹ́ kí ògiri mí, omi á wọlé, á sì tún gbẹ jáde. Sìmẹ́ńtì á dí i pa, omi á há sínú, bíríkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun lẹ́yìn ọ̀dà tó ń dán. Ẹ wá orísun omi náà kọ́kọ́, ìbáà jẹ́ gọ́tà tó dí tàbí páìpù tó jò. Ní ti òrùlé, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun àjà, kí ó fi ọ̀bẹ gún àwọn igi, pàápàá ibi tí igi bá ti wọ inú ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀. Páànù àtijọ́ kan wà tó dà bí sìmẹ́ńtì, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi òòlù fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Iná ńkọ́? Ní Battersea ní ìlú London, gbọ̀ngàn ìlú kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1893 ti di ilé eré láti àwọn ọdún 1970. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2015, nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́, iná sọ nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì wó. Gbogbo ènìyàn jáde láàyè. Ọdún 2018 ni wọ́n tún gbọ̀ngàn náà ṣí. Kí gbọ̀ngàn yín ní ìlẹ̀kùn méjì ó kéré tán, kí wọ́n máa ṣí síta, kí wọ́n má sì fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n nígbà tí ìnáwó bá ń lọ nítorí àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ògiri, kí dísù má sí nítòsí ibi tí alásè ti ń dáná. Ẹ ya wáyà tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Wáyà tí wọ́n fà fún gílóòbù mẹ́wàá àti rédíò kan kò lè gbé ẹ̀rọ olórin.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. Ó ń dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń béèrè kí wọ́n tó san owó.

Ìwé, àṣẹ àti owó

Ẹ béèrè ìwé ilẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Àpápá jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba yá ènìyàn fún iye ọdún kan, iye ọdún tó kù ni ẹ ń rà. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé mọ̀lẹ́bí ló pọ̀. Kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ jọ fọwọ́ sí i, kí ó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé. Lẹ́yìn náà, àṣẹ láti yí ilé gbígbé padà sí ilé ìnáwó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ yóò wá wò ó, àwọn tó ń rí sí ààbò ará ìlú àti ariwo náà yóò sì wá. Bí ilé náà bá jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Owó àpẹẹrẹ lásán ni èyí. Ká ní ríra àti títún ilé ṣe gba ₦60,000,000. Ká ní ẹgbẹ́ ń gba ₦250,000 lórí ìnáwó kan, tí ìnáwó 40 sì wáyé lọ́dún. Èyí jẹ́ ₦10,000,000. Ẹ yọ owó dísù, ọlọ́dẹ, agbálẹ̀, omi àti àtúnṣe. Ká ní ó gba ìdajì. ₦5,000,000 ló kù. Ọdún 12 ni owó yóò tó padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ìnáwó bá jẹ́ 25 péré, ₦6,250,000 ni yóò wọlé, ọlọ́dẹ kò sì ní gba owó oṣù tó dín nítorí pé àlejò kò wá. Bí ìnáwó ilé bá jẹ́ ₦4,000,000, ₦2,250,000 ló kù, ó sì di ọdún 26 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ẹ wá fi wé èyí: bí a bá yá ₦60,000,000 kan náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú èlé kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lọ́dún, ₦6,000,000 ni yóò wọlé lọ́dún, owó náà yóò sì máa padà wá kí ẹlòmíràn lè yá a. Ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Boundary, tó fẹ́ yá ₦300,000 láti fi ra ọjà ọdún, kò ní lè gbọ́ pé owó ti wọ inú bíríkì. Níbi tí a ti rí i pé ẹgbẹ́ ń túká, kì í ṣe olè nìkan ló ń fà á. Ìgbà mìíràn owó wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú jáde.

Nítorí náà, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣì fẹ́ ẹ, ọ̀nà tí a rò pé ó dára jù ni ọ̀nà ti Jaekel House. Ẹ má rà á. Ẹ gba ilé àti ọgbà rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn tí lọ́yà kọ, tó sọ ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó àtúnṣe bí onílé bá fẹ́ gba ilé rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà pẹ̀lú kánópì, àga, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Kánópì àti àga ṣeé kó lọ sí Ajégúnlẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe tiwọn ní òpópónà, nípa bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ń pa owó ní ibi méjèèjì. Ẹ fi yàrá iwájú ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ẹ má baà máa san owó ilé méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé owó yín ni yóò sọ bóyá kí ẹ wọ inú ilé tàbí kí ẹ dúró ní ìta.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè para pọ̀ ṣe é. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un ní báǹkì, kí owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi owó sí i ra ìpín tirẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ má ṣe é, kí a má sì bá a jà. Kí alága, akọ̀wé àti akápò má ṣe jẹ́ ẹni tó ni ilé tí ẹ fẹ́ gbà, tàbí ìbátan rẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ ní gbangba nínú ìpàdé. Ìwé mẹ́rin ni kí ìgbìmọ̀ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè: ìwé ilẹ̀ tí lọ́yà ti yẹ̀ wò, ìwé ẹnjiníà, ìwé iye owó láti ọwọ́ oníṣẹ́ méjì ó kéré tán, àti àkọsílẹ̀ tírélà oṣù kan tí wọ́n kà níwájú ilé náà. Ẹgbẹ́ tó bá kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lè fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí wa ní ọ́fíìsì àpapọ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, a ó sì bá wọn kà á lọ́fẹ̀ẹ́.